Bí Iṣẹ́ Bá Sá Lọ Sí Òkè Òkun, Ta Ni Yóò Ran Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka wa. Baba kan nínú ẹgbẹ́, tí ó ti ju ẹni 70 ọdún lọ, wá bá wa lọ́jọ́ ọjà, ó ní kí a bá òun kọ lẹ́tà. Lẹ́tà kẹrin nìyẹn láti ọwọ́ tiwa nìkan, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èyí tí àwọn mìíràn ti kọ fún un. Baba yìí ṣiṣẹ́ ìhunṣọ fún ọdún 24 ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ti géètì ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tí ì pé títí di òní. Ó ní káàdì ilé-iṣẹ́ kan tí àwòrán ti ṣí kúrò lójú rẹ̀, ó sì ní fọ́tò kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró síwájú ẹ̀rọ nínú aṣọ iṣẹ́. Àwọn ìwé owó-oṣù rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì; ikán ti jẹ wọ́n.

A mú gègé, a kọ ọjọ́ sókè, a kọ àdírẹ́sì wa. Nígbà tí ó kan ibi tí a óò kọ orúkọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá, gègé dúró. Ta ni kí a kọ ọ́ sí? Àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ ti lọ. Àwọn olórí òṣìṣẹ́ ìgbà náà ti túká, àwọn kan ti kú. Ọ́fíìsì tí a kọ lẹ́tà kìíní sí dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, èyí tí a kọ lẹ́tà kejì sí kò dáhùn, èyí tí a kọ ẹ̀kẹta sí ní kí baba mú ìwé owó-oṣù rẹ̀ wá. Baba wò wá títí, ó ní: “Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí Ìjọba.”

Ìjọba wo? Lórí òfin wo? Ìbéèrè yìí ni a gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, òun náà ni ó sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn àgbà wa. Àwọn kan ní kí a máa bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa lọ, kí a máa sìnkú, kí a máa ná owó ìkómọ, kí a má ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìjọba ní ilẹ̀ tí a ti jẹ́ àlejò. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà sí Kàdúná tí kò mọ Kàkúrí. Ní 1957 ni ìjọba Òkè Ọya ayé ọjọ́ un, lábẹ́ Sàdáúnà Ahmadu Bello, dá Kaduna Textile Limited sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé àkóso ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó David Whitehead láti Lancashire. Òwú tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní agbègbè Sáríà, Fúntùà àti Gúsáù ni wọ́n fẹ́ máa hun níbí, kí ó yé lọ sí ìlú òyìnbó kí a tó tún lọ rà á padà. Ní 1964 ni United Nigerian Textiles dé láti ọwọ́ àwọn ará Họ́ńgì Kọ́ńgì. Arewa Textiles, tí àwọn ará Jàpáànù ní ọwọ́ nínú rẹ̀, dé ní àwọn ọdún 1960 yẹn náà. Fèrè ilé-iṣẹ́ ni agogo gbogbo àdúgbò. Bí ẹgbẹ́ àárọ̀ ti ń jáde ni ẹgbẹ́ ọ̀sán ń wọlé, ẹgbẹ́ òru yóò sì tún gbà á. Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu géètì, àwọn télọ̀, àwọn tí ó kọ́ yàrá fún àwọn òṣìṣẹ́ láti yá gbé, àwọn tí ń da owó àjọ pọ̀, gbogbo wọn ni ó ń jẹun lára ẹ̀rọ tí wọn kò fi ọwọ́ kàn rí. Akọ̀wé yín yìí náà fi owó tí ó ti ara títa ọṣẹ àti tábà fún àwọn òṣìṣẹ́ ra ìsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kaduna Textile ti ilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles ti ti Kàdúná ní oṣù kẹwàá 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, kọ odidi ìwé kan ní 2020 lórí àwọn òṣìṣẹ́ Kaduna Textile tí ó kú lẹ́yìn títì yẹn àti lórí àwọn opó wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn ni ó ń kọ orúkọ àwọn òkú wọn sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí wọ́n ń retí owó wọn. Ẹ wo irú ìwé tí òṣìṣẹ́ ń tọ́jú! Ìwé owó-oṣù dáwọ́ dúró, ìwé òkú ń gùn sí i.

Ohun tí ó pa iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Iná mànàmáná kò dúró. Òróró dúdú tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó tóbi ni aṣọ òkè òkun. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005 ni òfin àgbáyé tí ó ń díwọ̀n iye aṣọ tí ìlú kan lè tà fún àwọn ìlú ńlá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀nà Ṣáínà sì là gbòò. Tiwa kò tilẹ̀ dúró de ọjọ́ náà. Láti Kùtọnù, àti láti ilẹ̀ Niger wọ Kánò, ni aṣọ ti ń wọlé láìsan owó ibodè. Wọ́n gbé bátànì tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà yà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà, wọ́n sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà sí etí aṣọ náà pé níbí ni a ti ṣe é. Kò sí ẹni tí ó tú ẹ̀rọ Kàkúrí kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Bátànì ni ó rìnrìn àjò, orúkọ ni ó rìnrìn àjò, òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Kì í sì ṣe aṣọ nìkan. Ní Pọtakọ́ọ̀tù, Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní 2007. Ní ìhà ilé wa, ní Agbára ní ìpínlẹ̀ Ògùn, GlaxoSmithKline kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pé alágbàtà ni yóò máa kó oògùn àwọn wá. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Procter & Gamble kéde pé ọjà tí a kó wá láti òkè òkun nìkan ni àwọn yóò máa tà ní Nàìjíríà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ti ti Kàdúná kó lọ sílé láti lọ wá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ògùn yóò máa rò pé iṣẹ́ tí ń sá ń lé òun kiri ni.

Ìjọba kò dákẹ́ pátápátá, òtítọ́ ni kí a sọ. Ní 2009 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 100 bílíọ̀nù náírà kalẹ̀ fún iṣẹ́ òwú àti aṣọ, nípasẹ̀ Bank of Industry. United Nigerian Textiles tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá 2010, àwọn kan sì padà sẹ́nu iṣẹ́. A dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó yíyá ni, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni wọ́n sì yá a fún, kí ó lè tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ti kú kò ní ibi tí yóò ti bu nínú rẹ̀. Bí a bá ní ilé jó, tí a sì yá onílé lówó kí ó fi tún ilé kọ́, ó dára. Ayálégbé tí ẹrù rẹ̀ jó mọ́lé kò tí ì gba nǹkan kan.

Ǹjẹ́ ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ro ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀? Ó wà. A wádìí ti Amẹ́ríkà dáadáa, nítorí pé àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé gbogbo nǹkan ni ó dára níbẹ̀. Ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn tí ń rọ irin ní Amẹ́ríkà, David McDonald, ti gbé àbá kan kalẹ̀ láti 1954 pé bí ìjọba bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ọjà òkè òkun kí gbogbo ìlú lè rí ọjà pọ́ọ́kú rà, kò tọ́ kí ó jẹ́ pé ìdílé òṣìṣẹ́ díẹ̀ ni yóò san owó rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ní 1962, nígbà tí Ààrẹ John Kennedy ń ṣe òfin òwò rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sínú òfin. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Trade Adjustment Assistance.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí, ní ìgbà tí ó gbó dáadáa. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré láti ilé-iṣẹ́ kan lè jọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, tàbí kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn kọ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn aṣèwádìí ìjọba yóò lọ wo ìwé ilé-iṣẹ́ náà: ṣé ọjà òkè òkun ni ó gba oníbàárà rẹ̀, àbí ilé-iṣẹ́ náà ni ó kó iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n dá dúró níbẹ̀ wọ abẹ́ òfin náà, kì í ṣe àwọn mẹ́ta tí ó fọwọ́ sí ìwé nìkan. Ìjọba yóò san owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mìíràn fún òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, yóò máa gba owó ọ̀sẹ̀. Bí a bá ka ti àìníṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbà mọ́ ọn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 130. Bí iṣẹ́ bá wà ní ìlú tí ó jìnnà, wọn yóò fún un ní owó láti lọ wá a, àti owó láti kó ẹrù àti ẹbí lọ. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 50, tí ó gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, ìjọba yóò san ìdajì ohun tí ó fi dín fún un. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju 10,000 dọ́là lọ láàrin ọdún méjì.

Ẹ tún èyí tí ó kẹ́yìn kà. Ẹni 50 ọdún. Àwọn aṣòfin wọn mọ̀ pé ẹni tí ó ti hun aṣọ fún 24 ọdún kò lè di ọmọ-iṣẹ́ mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì kọ ọjọ́-orí rẹ̀ sínú ìwé òfin. Èyí wú wa lórí ju iye owó náà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi Amẹ́ríkà tan ara wa. Òfin 1962 yẹn, bí wọ́n ti kọ ọ́ ní àkọ́kọ́, le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di 1969 kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó rí ìrànwọ́ gbà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún méje! Wọ́n béèrè pé kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé àdéhùn tí ìjọba bá ìlú mìíràn ṣe lórí owó ibodè gan-an ni olórí ohun tí ó gba iṣẹ́ òun. Ta ni nínú àwọn ahunṣọ tí ó lè fi ìyẹn hàn? Ní 1974 ni wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀. Ó di 2002 kí wọ́n tó kọ ọ́ kedere fún àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn kó ara rẹ̀ lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ béèrè fún òfin náà wá ń pè é ní owó ìsìnkú, pé nígbà tí iṣẹ́ bá ti kú tán ni ó ń dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022 ni àṣẹ òfin náà tán, nítorí pé àwọn aṣòfin kò tún un sọ dọ̀tun, ìjọba sì dáwọ́ gbígba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun wọlé dúró. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kó lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà bá ilẹ̀kùn ní títì. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú olówó, a jẹ́ pé àwa gbọ́dọ̀ ṣọ́ òfin wa kí á tó rí i gbà, kí á sì tún máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí a bá ti rí i gbà.

Tiwa ńkọ́? Nàìjíríà kò ní owó àìníṣẹ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa, tí wọ́n ṣe ní 1974, sọ ní abala 20 rẹ̀ pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró nítorí pé iṣẹ́ kò sí mọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó gbà-má-bínú. Ó tún sọ pé Mínísítà lè ṣe ìlànà tí yóò sọ owó náà di dandan. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí: “lè.” Òfin kò sọ pé ó gbọ́dọ̀. Gbogbo ìyà tí baba wa ń jẹ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gba ẹni tí kò tí ì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, láyè láti gba ohun tí kò ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú owó tí ó ti fi pamọ́. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ni wọ́n ń fún un, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó ń jẹ. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ kí òfin ìfẹ̀yìntì tuntun tó dé ní 2004 ti san owó tiwọn sínú National Provident Fund láti 1961, lẹ́yìn náà sínú èyí tí ó rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ má sọ ọ́ nù.

Ẹ wàyí o, ọ̀rọ̀ àlejò. Òun gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kà á léèwọ̀ ní abala 42 pé kí a fi ibi tí ènìyàn ti wá jẹ ẹ́ níyà. Ṣùgbọ́n abala 318 òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ àgbà jẹ́ ti àwùjọ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wa níbi gbogbo. Bí ìjọba kan bá ń pín ìrànwọ́ nípa ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ẹni tí baba rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà tí òun sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàkúrí kò ní rí gbà ní Kàdúná. Bí ó bá sì lọ sílé, wọn yóò ní kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ owó orí rẹ̀ lóṣooṣù nínú owó rẹ̀ ní Kàdúná, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ náà kò béèrè.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé kí wọ́n ṣáà padà sílé. Àwọn àgbà wa tí ó dé láti Gánà lẹ́yìn òfin 1969 yóò sọ fún yín ohun tí ó wà nínú pípadà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọmọ tí a bí sí Túdùn Wàdà tí wọ́n sì ń sọ Háúsá ju Yorùbá lọ, ilé wo ni kí wọ́n padà sí? Lábẹ́ òfin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, Amẹ́ríkà san owó ọkọ̀ fún ẹni tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Tiwa, a fẹ́ kí ó lọ síbi tí iṣẹ́ kò sí, kí ó sì san owó ọkọ̀ ara rẹ̀.

Èyí ni a fi dá àwọn àgbà wa lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A kò ní kí ẹgbẹ́ wa bá ọmọ onílẹ̀ du ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ikán tí ó jẹ ìwé baba wa jẹ ti Háúsá, ti Íbò àti ti àwọn ará Gúúsù Kàdúná náà. A fẹ́ kí àwa àti wọn jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí ìwé náà béèrè nǹkan tí ó ṣe kedere. Kí Mínísítà lo agbára tí abala 20 ti fún un láti ìgbà pípẹ́, kí owó gbà-má-bínú di dandan. Kí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin fún àwọn tí ọjà òkè òkun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ó fi ibi tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ ṣe òṣùwọ̀n, kí ó má ṣe fi ibi tí wọ́n ti bí baba rẹ̀ ṣe é. Kí ó yọ owó rẹ̀ láti inú owó ibodè tí ó ń gbà lórí aṣọ tí ń wọlé. Kí ìyẹn tó dé, kí àwọn ìjọba tí ó ni Kaduna Textile, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ Òkè Ọya, san ohun tí ó bá ṣẹ́kù fún àwọn tí ó wà láàyè àti fún àwọn opó.

Owó ibodè tí a dárúkọ yìí yóò dun àwọn kan nínú wa, àwa sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ni ń ta aṣọ. Àwa akọ̀wé yín náà ti ta àǹkárá tí a mọ̀ dáadáa pé ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Ìyàwó òṣìṣẹ́ kan wá rà á lọ́wọ́ wa nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, a dín owó fún un, ó dúpẹ́, ó tún mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Nígbà tí géètì tì, kò rí owó ra aṣọ kankan mọ́, ti Ṣáínà tàbí ti ibòmíràn. Oníṣòwò tí ó rò pé títì ilé-iṣẹ́ kò kan òun, kí ó lọ wo ìwé àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọdún náà. Bí a bá san owó ibodè díẹ̀ sí i lórí ọjà tí a ń tà, kí oníbàárà wa lè ní owó lọ́wọ́, ìṣirò ọjà ni a fi ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pè é ní àánú.

Ìpàdé ti fún wa ní àṣẹ láti ṣe ohun tí agbára ẹ̀ka wa ká, èyí nì ni kíkọ orúkọ sílẹ̀. A ti ra ìwé ńlá kan. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti pa dé, kí ó wá sí ìsọ̀ akọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tàbí lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù. Opó tàbí ọmọ olóògbé lè wá dípò rẹ̀. A ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, ọdún tí ó wọ iṣẹ́ àti ọdún tí ó jáde, nọ́ńbà káàdì, ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ fóòmáànù rẹ̀, àti orúkọ ẹni méjì tí ó bá a ṣiṣẹ́ tí ó ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò ní ìwé kankan, kí ó mú fọ́tò wá. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni a ó kọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ mú un wá.

Kọ́bọ̀ kan kò sí nínú rẹ̀. A gbọ́ pé àwọn kan ń lọ káàkiri àdúgbò tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ pé owó wọn ti jáde ní Àbújá. Ẹgbẹ́ wa kò rán ẹnikẹ́ni, ẹ má fún wọn lówó. Kí àwọn tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣì ń fọn fèrè, ní Kàdúná tàbí ní Kánò, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé owó-oṣù wọn láti oṣù yìí, nínú ike tí a dé ní ìdérí, lórí àjà tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní ikán.

Ní ti baba wa, a parí lẹ́tà rẹ̀. A kọ ọ́ sí Mínísítà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Àbújá, a tọ́ka sí abala 20, a sì fi ẹ̀dà fọ́tò náà há a lára. Baba fi ìka rẹ̀ tọ́ ara rẹ̀ fún wa nínú fọ́tò náà, ẹnì kẹta láti apá òsì, kí a lè kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó wá ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ mú ẹ̀dà méjì méjì dání. Ẹ má fi ojúlówó ìwé yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àní lọ́wọ́ àwa náà.